Apá Òkun Méjì ní Ilẹ̀ Bùràsíìlì

Àṣà kí bàbá kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí etí òkun nígbà ọlidé, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n jókòó sí orí iyanrìn, kí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn lára, kì í ṣe àṣà tí ó ti pẹ́ láyé rárá; nítorí pé, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó bá òkun pààlà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tàbí ìrìn àjò tí kò ṣeé yẹ̀, tàbí ìbọ Olókun Ṣẹ̀níadé, ni ó ń gbé àgbàlagbà dé bèbè alágbalúgbú omi náà, ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ bọ̀ láyọ̀ a máa dúpẹ́, torí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni ojú tí ènìyàn fi ń wo omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ ní ọ̀nà méjì tí òkìkí wọn kàn, tí ilẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra: apá òkun Bàhíà, lẹ́bàá ìlú Salvador, àti apá òkun Guanabara, lẹ́bàá ìlú Rio de Janeiro. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ọwọ́ wọn tó o, ìbáà ṣe àwọn tí ń gbé ilé tàbí àwọn tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ti ń kó ìdílé wọn lọ sí Bùràsíìlì láti lọ fojú kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣàn dé, mo rò pé ó yẹ kí a gbé omi méjèèjì yìí yẹ̀ wò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ibi méjì lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ yà sí.

Bàhíà ni ojú àwọn Potogí kọ́kọ́ tó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1501, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ nínú ìjọ Àgùdà, ni àwọn ọkọ̀ wọn, tí Amerigo Vespucci wà nínú ọ̀kan, wọ inú omi náà, wọ́n sì fi orúkọ àjọ̀dún sọ ọ́. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1502, wọ́n dé Guanabara, wọ́n sì fi orúkọ oṣù pè é, èyí tí ó di orúkọ ìlú Rio de Janeiro títí di òní olónìí. Àwọn Tupinambá àti àwọn ìbátan wọn ni wọ́n bá ní bèbè omi méjèèjì, àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀, àwọn ni wọ́n sì mọ ibi tí ẹja ń gbé. Bàhíà fẹ̀ púpọ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ, ó lé ní 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, nígbà tí Guanabara kò ju nǹkan bí 400 lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ẹwà ojú ni, ta ni yóò bá Guanabara du ipò? Ẹnu rẹ̀ há bí ọrùn akèrègbè, kò ju nǹkan bí kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, àpáta gíga tí wọ́n ń pè ní Pão de Açúcar sì dúró gbọn-in ní apá kan ẹnu náà, ní nǹkan bí 396 mítà sókè omi, tí àwọn òkè mìíràn sì tò tẹ̀lé e wọ inú ìlú lọ.

Ní ọdún 1549, Tomé de Sousa, ẹni tí ọba Potogí fi ṣe gómìnà àgbà, tẹ ìlú Salvador dó sí orí òkè tí ó kọjú sí omi Bàhíà, ìlú yìí sì jẹ́ olú ìlú Bùràsíìlì fún igba ọdún ó lé mẹ́rìnlá. Ilẹ̀ tí ó yí omi náà ká, tí wọ́n ń pè ní Recôncavo, lọ́ràá púpọ̀, kò sì pẹ́ tí oko ìrèké àti ẹbu ṣúgà fi kún ibẹ̀ bámúbámú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa àbùùbùtán ní etí erékùṣù Itaparica, tí í ṣe èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn erékùṣù inú omi náà, wọ́n ń yọ òróró rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń tan àtùpà ní ilé àti ní ẹbu tí ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Òkìkí ọrọ̀ yìí ni ó mú kí àwọn ará Họ́láńdì kó ogun wá gba Salvador lọ́dún 1624, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ogun Sípéènì àti ti Potogí tó lé wọn jáde.

Ṣùgbọ́n tábà ni ohun ọ̀gbìn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan wa jù. Èyí tí ó dára nínú tábà Recôncavo ni wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù. Èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi omi ìrèké dúdú pa lára, tí wọ́n ń lọ́ bí okùn tí wọ́n sì ń wé, èyí gan-an ni àwọn oníṣòwò ẹrú ní Ouidah àti ní gbogbo etíkun wa sì fẹ́ràn ju ọjà èyíkéyìí lọ. Bí tábà ti ń dé, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń lọ. Nítorí òwò yìí ni ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a kó lọ sí Rio ti ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà wá, etíkun tiwa ni Bàhíà ti ń kó ènìyàn, pàápàá láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń mì títí dé ìgbà tí ó tú, tí ogun abẹ́lé sì sọ ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àti ọmọ Alákétu di ẹrù inú ọkọ̀. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ orúkọ Nàgó ní Bàhíà, kí ó mọ̀ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gba ìyà náà ní ìdákẹ́jẹ́. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáànì, nǹkan bí 600 ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, tí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê sì ṣáájú wọn, gbé idà àti kùmọ̀ dìde sí ìjọba láàárín ìgboro Salvador. Etí omi Bàhíà gan-an, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Água de Meninos, ni àwọn ẹlẹ́ṣin ìjọba ti bá wọn, wọ́n pa nínú wọn, àwọn mìíràn sì bọ́ sínú òkun bí wọ́n ti fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ sá lọ, omi sì gbé wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ yìí ni ìjọba lé ọ̀pọ̀ jáde kúrò ní Bàhíà, tí àwọn mìíràn tí wọ́n ti ra ara wọn padà sì fi ẹsẹ̀ ara wọn kúrò, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Ouidah, sí Porto-Novo, àti sí Èkó, níbi tí Pópó Àgùdà ti jẹ́ ẹ̀rí wọn títí di ọjọ́ òní. Inú omi kan náà tí wọ́n gbà lọ ní ìdè ni wọ́n gbà bọ̀, mo sì gbà pé ọmọ Èkó tí ó bá dúró ní etí omi Bàhíà ní ìròlẹ́ yẹ kí ó rántí èyí ṣáájú kí ó tó bọ́ bàtà rẹ̀.

Àwọn tí kò bọ̀ wálé kò jẹ́ kí ilé kú mọ́ wọn nínú. Ní Itaparica, ilé awo Egúngún tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilê Agboulá ṣì wà, níbi tí àwọn ọ̀jẹ̀ ti ń pe àwọn òkú ọ̀run jáde pẹ̀lú èdè tí ó jẹ́ tiwa, tí a sì ti ń bu ọlá fún baba tí kò sí mọ́ bí ẹni pé àná ni ó relé. Ìran yìí ni ó bí irú ènìyàn bí Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mestre Didi, ọ̀jẹ̀ àgbà tí ó jẹ oyè Alápìíni, oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé, tí a bí ní Salvador lọ́dún 1917 tí ó sì papò dà lọ́dún 2013. Nígbà tí ó dé Kétu ní ọdún 1967, kò mú ìwé ẹ̀rí kankan dání tí yóò fi hàn pé ọmọ ibẹ̀ ni òun. Oríkì ìdílé rẹ̀, tí àwọn ìyá rẹ̀ ti fi lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà oko ẹrú, ni ó kì níwájú Alákétu, ẹnu sì ya àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n mọ oríkì náà, wọ́n sì mú un lọ sí agbo ilé Aṣípa gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó ti oko dé. Omi tí ó bá tọ́jú irú ohun báyìí pamọ́ fún wa kì í ṣe omi tí a ń fojú lásán wò.

Ẹ jẹ́ kí a yí sí Guanabara. Àwọn ará Faransé, tí Villegagnon jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ odi ogun sí orí erékùṣù kékeré kan nínú rẹ̀ lọ́dún 1555. Mem de Sá wó odi náà lọ́dún 1560, Estácio de Sá, tí í ṣe ẹbí rẹ̀, tẹ ìlú Rio dó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 1565, ọfà sì bà á nínú ogun àjàmọ́gàá ti ọdún 1567, èyí tí ó pa á. Arariboia, olóyè àwọn Temiminó tí ó ran àwọn Potogí lọ́wọ́, ni wọ́n fún ní ilẹ̀ òdìkejì omi náà, tí ó di ìlú Niterói. Lẹ́yìn èyí, Rio jẹ́ ìlú ẹ̀yìn Salvador fún ìgbà pípẹ́, títí wọ́n fi rí wúrà ní ilẹ̀ Minas tí wúrà náà sì ń gba èbúté rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ó sì di ọdún 1763, wọ́n gbé oyè olú ìlú kúrò ní Salvador, wọ́n gbé e fún Rio.

Ibí yìí ni àṣà ìwẹ̀ òkun ti wọlé. Ní ọdún 1808, lẹ́yìn tí ogun Napoleon ti lé ààfin Potogí jáde ní Lisbon, Dom João, tí ó ń ṣàkóso Potogí, àti gbogbo ìjòyè rẹ̀ sá dé Bùràsíìlì. Salvador ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n tó kọjá sí Rio. Eégbọn kan ni a sọ pé ó bu Dom João jẹ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ di egbò, àwọn oníṣègùn sì ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ náà sínú omi òkun, ni ó bá ń lọ sí Caju, ní bèbè Guanabara, láti lọ wẹ̀. Ilé tí wọ́n so orúkọ ìwẹ̀ ọba yìí mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ọba bá ṣe kì í pẹ́ di oge. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́lá Rio fi ń jí lọ sí etí omi ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, wọ́n ń wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ń lo oògùn, títí ohun tí ó jẹ́ oògùn fi di fàájì. Dom João tún fẹ́ràn Paquetá, erékùṣù kékeré kan tí ó wà nínú omi náà, àwọn ìdílé olówó sì tẹ̀lé e lọ síbẹ̀ láti lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Joaquim Manuel de Macedo kọ ìwé ìtàn ìfẹ́ kan tí a ń pè ní A Moreninha ní ọdún 1844, àwọn òǹkàwé sì gbà pé Paquetá ni erékùṣù inú ìwé náà, èyí tí ó tún fi kún òkìkí ibẹ̀. Títí di òní, ará ìlú kì í wa mọ́tò ara rẹ̀ ní Paquetá, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Igi oṣè ńlá kan sì wà ní etí omi rẹ̀, igi ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Maria Gorda, tí àwọn àlejò máa ń fi ẹnu kò nítorí oríire.

Ní omi kan náà, ní ibi tí kò jìnnà sí ìwẹ̀ ọba, ni wọ́n kọ́ èbúté Valongo sí ní ọdún 1811, kí ẹrú lè máa sọ̀kalẹ̀ níbi tí ojú àwọn ọlọ́lá kò ní tó wọn. Àjọ UNESCO sọ pé nǹkan bí 900,000 ọmọ Áfíríkà ni ó gba etí omi yẹn wọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìyàwó ọba tí ó wà lórí oyè nígbà náà ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè lọ́dún 1843, wọ́n da òkúta tuntun bo Valongo mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi oyè rẹ̀ sọ ibẹ̀. Ọdún 2011 ni àwọn tí ń tún ìgboro ṣe tó hú u jáde, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún gbogbo ayé lọ́dún 2017. Àwọn ọmọ Bàhíà tí wọ́n ṣí wá sí Rio lẹ́yìn tí wọ́n ti bo Valongo mọ́lẹ̀, irú ìyá Hilária Batista de Almeida tí gbogbo ìlú ń pè ní Tia Ciata, ní àdúgbò yìí ni wọ́n fi ilé sí, ní àgbàlá irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ sì ni samba ti dàgbà, nínú ilé àwọn tí ń bọ òrìṣà.

Báwo ni ó ti wá jẹ́ pé omi tí ọba fẹ́ràn ni ènìyàn ń bẹ̀rù láti wẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí? Oyè olú ìlú tí Rio gbà ni ó ko ó bá. Èrò pọ̀, ilé iṣẹ́ pọ̀, odò tí ń ṣàn wọ inú Guanabara sì di ojú ọ̀nà ẹ̀gbin àti ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ òkè tí wọ́n hú palẹ̀ dí etí omi láti fi ṣe ọ̀nà àti ọgbà ìtura, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní Flamengo tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965. Ilé iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Duque de Caxias lọ́dún 1961, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000 sì ni páìpù bẹ́, tí 1,300,000 lítà epo fi tú sínú omi. Boto, ẹranko omi tí ń fò sókè lójú agbami, tí àwòrán rẹ̀ wà lára àmì ìlú Rio, tó nǹkan bí 400 nínú Guanabara ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọn kò tó 40 mọ́ ní àkókò tiwa. Ìjọba ti ṣe ìlérí ìwẹ̀nùmọ́ láti àwọn ọdún 1990, wọ́n sì tún ṣe é nítorí eré Olympics ọdún 2016, ṣùgbọ́n ìlérí náà kò ṣẹ tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ihò la òkè kọjá sí Copacabana lọ́dún 1892 ni àwọn tí ń wá omi tí ó mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀yìn sí apá òkun náà, wọ́n kọjú sí agbami, níbi tí ìgbì ti le, tí kò sì rọrùn fún ọmọdé.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Salvador tí oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ṣúgà rẹ̀ sì ń gbẹ, kò rí owó tí yóò fi ba omi rẹ̀ jẹ́ kíákíá. N kò sọ pé Bàhíà kò ní àbùkù, nítorí ilé iṣẹ́ ìfọpo Mataripe ti ń ṣiṣẹ́ ní bèbè rẹ̀ láti ọdún 1950, èbúté àti ẹ̀gbin ìgboro sì ti ba àwọn ibì kan jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òkun ńlá sì ń wọlé ó ń jáde lójoojúmọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn Salvador a máa rán àwọn tí àrùn beriberi dá ẹsẹ̀ wọn dúró lọ sí Itaparica láti lọ mí afẹ́fẹ́ rere, kí wọ́n sì mu omi ìsun Fonte da Bica, tí ìlú náà ṣì ń fi yangàn. Àwọn tí kò ní owó ọkọ̀ dé Yúróòpù ni wọ́n ń rí ìwòsàn níbẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ aláìsàn ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tí ń kọ́ ilé ọlidé, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń kó mọ́tò àti èrò sì wá ń sọdá láti São Joaquim sí Bom Despacho láti ìgbà tí ọdún 1970 ti wọlé, tí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ náà fi lè dé erékùṣù. Àgọ́ ìgbafẹ́ Club Med àkọ́kọ́ ní gbogbo Bùràsíìlì ni wọ́n ṣí síbẹ̀ lọ́dún 1979. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n etí omi kò bá a lọ.

Ẹni tí ó ní ọmọ kékeré yóò fẹ́ mọ̀ pé ní ìhà Itaparica tí ó kọjú sí agbami, àpáta tí iyùn inú òkun kọ́ ṣe odi fún iyanrìn, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí omi bá fà, adágún kéékèèké a máa ṣẹ́kù tí ọmọdé lè ṣeré nínú rẹ̀ láìsí ìgbì. Ní Porto da Barra pẹ̀lú, nínú ìgboro Salvador, omi a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Òjò a máa pọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni àwọn àbùùbùtán máa ń wá bímọ sí etíkun náà, wíwò ni a sì ń wò wọ́n nísinsìnyí, a kì í pa wọ́n mọ́. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún yóò rí bí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sin ère Jésù Olúwa àwọn atukọ̀ kọjá lójú omi. Bí ó bá sì dúró di ọjọ́ kejì oṣù Kejì, yóò rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú aṣọ funfun ní Rio Vermelho, ní ìhà agbami, tí wọ́n ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà fún Yemọja, tí àwọn apẹja sì ń gbé ẹ̀bùn náà wọ ojú omi lọ.

Ìdájọ́ mi ni pé kí ẹni tí ó ń kó ìdílé lọ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọlidé rẹ̀ sí Bàhíà, kí ó sì sọdá sí Itaparica, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹwà ojú Guanabara nìkan fà á lọ. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí ó dé Rio, kí ó gun àpáta wo ẹwà náà láti òkè, kí ó gbé àwọn ọmọ lọ sí Paquetá lábẹ́ igi oṣè, kí ó sì mú wọn dé Valongo bí ó ti wù kí àkókò há tó. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo sì bẹ ẹ̀yin òbí: kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní oríkì ìdílé wọn, kí wọ́n lè kì í láìkọsẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ tí ẹ ń lọ yẹn, àwọn àgbà tí oríkì kò ṣàjèjì sí ṣì ń bẹ.